Àtọ̀gbẹ ológbò

Àtọ̀gbẹ ológbò jẹ́ àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ tí ó máa ń mú kí ṣúgà pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ ológbò, nítorí pé ara rẹ̀ kò pèsè ínsúlínì tó, tàbí pé ínsúlínì náà kò ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ. Ilé ni ọ̀pọ̀ jùlọ ìtọ́jú rẹ̀ ti ń wáyé, láti ọwọ́ ẹni tí ó ni ológbò náà, lábẹ́ ìtọ́sọ́nà oníṣègùn ẹranko.

Okùnfà àti àmì

Ọ̀pọ̀ àtọ̀gbẹ ológbò jọ irú kejì èyí tí ó ń ṣe ènìyàn. Ó wọ́pọ̀ lára ológbò tí ó ti dàgbà, èyí tí ó sanra jù, àti akọ tí a ti tẹ̀ lọ́dàá. Lílo oògùn sítẹ́rọ́ọ̀dù fún ìgbà pípẹ́ náà lè fà á.

Ológbò tí ó ní in máa ń mu omi púpọ̀, a máa tọ̀ léraléra, a sì máa rù bí ó tilẹ̀ ń jẹun dáadáa. Bí àìsàn náà bá pẹ́ lára, ó lè ba iṣan ìmọ̀lára ẹsẹ̀ ẹ̀yìn jẹ́, tí ẹranko náà yóò fi máa tẹ gìgísẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ó bá ń rìn. Níwọ̀n bí ìbẹ̀rù nìkan ti lè gbé ṣúgà ológbò sókè, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kì í sábà tó láti fìdí àìsàn náà múlẹ̀.

Abẹ́rẹ́ ínsúlínì

Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni a sábà máa ń gún ínsúlínì sábẹ́ awọ, pẹ̀lú wákàtí 12 láàárín. Inú fíríìjì ni a ń tọ́jú rẹ̀ sí, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ dì. Ínsúlínì kan ní yúnítì 40 nínú mílílítà 1, òmíràn ní 100, olúkúlùkù sì ní sírínjì tirẹ̀. Bí a bá fi sírínjì ti 40 fa ínsúlínì ti 100, ológbò yóò gba ìlọ́po méjì àbọ̀ ìwọ̀n tí ó yẹ, èyí sì lè pa á. Bí kò bá dáni lójú pé abẹ́rẹ́ wọlé, a kì í tún un gún. Kí ológbò pàdánù ẹ̀ẹ̀kan sàn ju kí ó gba ìlọ́po méjì lọ. Bí ó bá kọ oúnjẹ tàbí tí ó ń bì, oníṣègùn ni a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi.

Oúnjẹ àti àkíyèsí

Ẹran ni oúnjẹ ológbò láti ìṣẹ̀dá, nítorí náà oúnjẹ tí ó kún fún purotéènì, tí kò sì ní ìyẹ̀fun púpọ̀, ni ó bá a mu. Ṣùgbọ́n ìyípadà oúnjẹ lè dín ìwọ̀n ínsúlínì tí ó nílò kù, nítorí náà a kì í ṣe é láìjẹ́ kí oníṣègùn mọ̀. Nílé, a lè gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ létí ológbò láti wọn ṣúgà rẹ̀, kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n ara, oúnjẹ àti omi rẹ̀.

Ewu

Ṣúgà tí ó lọ sílẹ̀ jù ni ewu tí ó yára jù lọ. Àwọn àmì rẹ̀ ni àárẹ̀, gbígbọ̀n, títa gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n àti gìrì. A ó fi oyin tàbí omi ṣúgà pa á ní èrìgì, a kò ní dà á sí i lọ́fun, a ó sì gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn kíákíá. Bí ológbò kò bá jẹun mọ́, tí ó ń bì, tí ó sì rẹ̀ ẹ́ gidigidi, ó lè jẹ́ pé ásíìdì ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Pàjáwìrì ni èyí náà.

Ìrètí ìwòsàn

Láìdàbí ajá, ológbò kan lè dé ibi tí kò ti ní nílò ínsúlínì mọ́, pàápàá bí ìtọ́jú bá tètè bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyí tí wíwọn ṣúgà kò fi gbọdọ̀ dáwọ́ dúró: ìwọ̀n ínsúlínì tí ó tọ́ lóṣù tó kọjá lè ti pọ̀ jù lónìí. Ní Amẹ́ríkà, àjọ FDA fọwọ́ sí oògùn alápòlò Bexacat ní ọdún 2022 àti Senvelgo, tí ó jẹ́ olómi, ní ọdún 2023; méjèèjì wà fún ológbò tí kò tíì gba ínsúlínì rí.