Panápaná tí kì í gba owó oṣù

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ n sọ ìtàn kan fún yín lónìí. Ṣé ẹ mọ̀ pé ju ìdajì àwọn panápaná Amẹ́ríkà lọ ni kì í gba owó oṣù? Amẹ́ríkà kan náà tá a ń wò nínú fíìmù o. Ní àwọn ìlú kéékèèké wọn, tíṣà, mẹkáníìkì, àgbẹ̀ àti akọ̀wé báńkì ló ń sáré wọ bàtà panápaná tí iná bá sọ. Ẹ tẹ̀ lé mi.

Ká bẹ̀rẹ̀ láti Philadelphia, December 1736. Benjamin Franklin, bàbá tí àwòrán rẹ̀ wà lára 100 dọ́là, kó èèyàn bíi 30 jọ. Wọ́n pe ara wọn ní Union Fire Company. Àdéhùn wọn ò le: kí kálukú ní báákẹ́ẹ̀tì awọ nílé fún omi, kó sì ní àpò àti apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n máa fi kó ẹrù jáde nínú ilé tó ń jó.

Oṣooṣù ni wọ́n ń ṣèpàdé. Wọ́n á jókòó, kálukú á sọ ohun tó ti mọ̀ nípa bí iná ṣe ń ràn àti bí wọ́n ṣe lè pa á. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tiwọn nìyẹn. Tóò bá wá, wàá san fáìnì. Owó fáìnì yẹn ni wọ́n fi ra ẹ́ńjìnì, àkàbà àti ìkọ́. (Ó jọ ìpàdé lánlọ́ọ̀dù àdúgbò wa gan-an, àfi pé tiwọn ra nǹkan.)

Nígbà táwọn míì ní káwọn náà wọlé, wọ́n ní rárá, èèyàn 30 ti tó, ẹ lọ dá tiyín sílẹ̀. Wọ́n sì lọ dá a sílẹ̀ lóòótọ́! Bí ẹgbẹ́ panápaná ṣe kún Philadelphia nìyẹn, tó sì tàn káàkiri.

Ta wá ni ọ̀gá? Ẹni táwọn ọmọ ẹgbẹ́ bá dìbò yàn ni. Ó dùn létí, àbí? Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tí ìbò yẹn ò kàn. Ní 1818, ìjì yìnyín ńlá jà ní New York, àìsàn sì ti dá ọ̀pọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ Oceanus Engine Company No. 11 dùbúlẹ̀. Wọ́n ní obìnrin dúdú kan, Molly Williams, tó jẹ́ ẹrú, ló di okùn ẹ́ńjìnì mú, tó bá wọn fà á nínú yìnyín. Ó di 1871 kí ọkùnrin dúdú kan, Patrick H. Raymond, tó di ọ̀gá àgbà panápaná ní Cambridge, Massachusetts. Òun ni àkọ́kọ́ ní gbogbo Amẹ́ríkà.

Ní àwọn ìlú ńlá, ọ̀rọ̀ ìbò yìí dojú rú. Ẹgbẹ́ méjì á dé ibi iná, wọ́n á kọ́kọ́ bára wọn jà kí wọ́n tó rántí ilé tó ń jó. Ó sú àwọn ará Cincinnati. Ní 1853, wọ́n gba àwọn panápaná olówó oṣù, wọ́n sì fún wọn ní ẹ́ńjìnì tó ń fi ooru omi ṣiṣẹ́, tí kò nílò kí èèyàn rẹpẹtẹ máa fọwọ́ fa pọ́ǹpù. Àwọn ìlú ńlá míì tẹ̀ lé wọn.

Àwọn ìlú kéékèèké ńkọ́? Owó orí tó ń wọlé fún wọn ò tó san owó oṣù panápaná. Torí náà wọ́n dúró sórí ètò Franklin. Títí dòní, oúnjẹ ni àwọn kan ṣì ń sè tà, tàbí kí wọ́n ta tẹ́tẹ́ bingo, kí wọ́n lè rówó ra họ́ọ̀sì.

Ibi tọ́rọ̀ wà gan-an ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Fún ìgbà pípẹ́, ẹ̀yìn àgbà lo ti máa kọ́ ọ, nínú èéfín níbẹ̀. Ní 1973, ìjọba gbé ìròyìn kan jáde, America Burning, tó ní bíi 12,000 èèyàn ni iná ń pa lọ́dún. Òfin tẹ̀ lé e ní 1974, òun ló sì bí ilé ẹ̀kọ́ panápaná àpapọ̀ tó wà ní Emmitsburg, Maryland.

Ó dáa bẹ́ẹ̀, mi ò jiyàn. Ìmọ̀ ló ń gba ẹ̀mí panápaná là. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lónìí máa jókòó sí kíláàsì fún ohun tó lé ní 100 wákàtí, lọ́fẹ̀ẹ́, lálẹ́ àti ní wíkẹ́ǹdì: bí wọ́n ṣe ń mí pẹ̀lú sílíńdà lẹ́yìn, bí wọ́n ṣe ń wá èèyàn nínú òkùnkùn, bí wọ́n ṣe ń gé mọ́tò tó fún èèyàn mọ́nú. Iṣẹ́ gan-an ti yí padà: èyí tó pọ̀ jù nínú ìpè tí wọ́n ń gbà jẹ́ ti àìsàn, kì í ṣe ti iná. Bàbá àgbà ṣubú, ẹnì kan ò lè mí dáadáa, àwọn náà ni wọ́n máa pè.

Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ méjì kó tó san rẹ́ǹtì, ìgbà wo ló fẹ́ ráyè? Ní 1984, irú àwọn panápaná bẹ́ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 900,000. Nígbà tó fi di 2020, wọn ò ju bíi 677,000 lọ mọ́. Tẹ́ ẹ bá wakọ̀ gba irú ìlú bẹ́ẹ̀ kọjá lónìí, ẹ lè rí pátákó níwájú ilé panápaná wọn, tí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn ń wá èèyàn.