Ọkọ̀ Òfuurufú Aago 11

Aago 5 ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ajé, 21 Oṣù Keje, 2014. Ilé ìwòsàn First Consultants, Obalende, l'Ékòó. Ọkùnrin kan tó ti Làìbéríà wá ní òun fẹ́ rí dókítà. Alẹ́ àná ni wọ́n gbé e dé. Ibà ni wọ́n kọ sílẹ̀. Wọ́n bi í bóyá ó sún mọ́ aláìsàn kan, bóyá ó lọ síbi ìsìnkú. Ó ní rárá.

Ó ti yọ àpò dírípù kúrò lórí irin, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún lòun ti yàgbẹ́ nírọ̀lẹ́ yẹn. Dókítà ọ̀dọ́ tó wà lẹ́nu iṣẹ́ gbé àpò náà, ó fi í kọ́ padà, ó lọ pe nọ́ọ̀sì. 

Alẹ́. Àwọn dókítà ilé ìwòsàn ìjọba ti wà lẹ́nu ìyanṣẹ́lódì látìbẹ̀rẹ̀ oṣù.

Kùtùkùtù Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Èsì àyẹ̀wò dé. Kì í ṣe HIV. Òṣìṣẹ́ ECOWAS kan wọlé: ọkùnrin náà ní láti wọ ọkọ̀ òfuurufú aago 11 lọ sí Calabar, ìpàdé wà níbẹ̀. Dókítà ọ̀dọ́ náà ní kò ṣeé ṣe. Ọ̀gá rẹ̀ obìnrin náà ní kò ṣeé ṣe. Ó ní kí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sí fáìlì pé ọkùnrin yìí ò gbọ́dọ̀ jáde láìgbàṣẹ ọ̀gá àgbà.

Èsì kankan tó sọ àrùn tó ń ṣe ọkùnrin náà ò tíì sí lọ́wọ́ obìnrin náà. Ìfura ló ní. Àgbàlagbà sì ni aláìsàn náà, ó mọ ibi tó ń lọ. Ohun tó wúwo ni kéèyàn fi ìfura dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ dúró.

Obìnrin náà ń pe ibí, ó ń pe ọ̀hún, ó ń wá ibi tí wọ́n ti lè ṣe àyẹ̀wò kan. Wọ́n júwe ilé ìwòsàn LUTH, Ìdí-Àràbà, fún un. Ó pe kọmíṣọ́nà ètò ìlera, kò rí i bá sọ̀rọ̀.

Aago 11 lù. Ọkùnrin náà ò kúrò níbẹ̀.

Ọ̀sán. Ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ ti lọ sí Ìdí-Àràbà. Obìnrin náà wá ìwé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó tẹ̀ ẹ́ jáde, ó pín in fún dókítà, nọ́ọ̀sì, àtàwọn tó ń nu ilẹ̀. Wọ́n pín ìbọ̀wọ́ àti ìbomú. Wọ́n fi igi dábùú ẹnu ọ̀nà yàrá náà. Ooru ara aláìsàn náà gòkè láti 38 dé 40.

Ìrọ̀lẹ́. Bí àrùn ṣe lè tètè rìn nìyí: ẹni tó wọkọ̀ láàárọ̀ l'Ékòó ti kọjá Ẹyẹńkọrin, ó ti wọ Ìlọrin, ó ń bá ará ilé bọwọ́.

Àárọ̀ Ọjọ́rú. Èsì Ìdí-Àràbà dé: ó tọ́ka sí Ebola. Patrick Sawyer lorúkọ ọkùnrin náà; arábìnrin rẹ̀ ni àrùn yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ní Làìbéríà.

Àwọn aláṣẹ orílẹ̀-èdè rẹ̀ ní kí wọ́n tú u sílẹ̀. Wọ́n ní ìjínigbé ni. Obìnrin náà kọ̀. Sawyer kú láàárọ̀ Ọjọ́ Ẹtì, 25 oṣù náà.

Dókítà tó gbé àpò dírípù kó àrùn náà, ó yè é. Èèyàn 20 ló mú ní Nàìjíríà, ó pa 8. Àwọn tó dájú pé wọ́n ní in, Èkó àti Port Harcourt nìkan ni wọ́n wà. Ní 20 Oṣù Kẹwàá, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti kúrò nílẹ̀ wa.

Ameyo Stella Adadevoh, obìnrin tó ní kí wọ́n kọ ọ́ sí fáìlì, wà lára àwọn 8 náà. 19 Oṣù Kẹjọ ló kú.