Ẹ fẹ́ gbé server sílé? Ẹ wo iná kí ẹ tó wo owó

Lọ́dún tó kọjá, mo pàdánù ohùn ìyá àgbà kan. Sábó ní Ṣàgámù ni mo ti bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n sọ bí wọ́n ṣe ń ta obì nígbà ọ̀dọ́ wọn, ó lé ní wákàtí kan. Inú hard disk kan ṣoṣo ni mo kó o sí. Iná lọ, iná dé, iná tún lọ, disk náà kò ṣí mọ́. Nígbà tí mo máa fi padà lọ bá ìyá, wọ́n ti papòdà.

Ìyẹn ló jẹ́ kí n gbé server sílé. Kò sí idán kankan níbẹ̀ o. Kọ̀ǹpútà tí kì í sùn ni, tó ń tọ́jú fọ́tò àti fáìlì, tí fóònù gbogbo ará ilé sì lè mú nǹkan nínú rẹ̀.

Àwọn ará òkè òkun, bó ṣe yára tó ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ béèrè. Ní Rẹ́mọ níbí, iná ni. Ẹ jẹ́ ká ṣírò: tower àtijọ́ tó ń jẹ 60 watts máa jẹ unit 43.2 lóṣù tí ẹ ò bá pa á. Mini PC tòkunbọ̀, irú Dell OptiPlex Micro tàbí Lenovo ThinkCentre Tiny, lè má ju bíi 10 watts lọ tí kò bá ṣiṣẹ́ líle: unit 7.2 nìyẹn. Ní ₦225 tí wọ́n gbé lé unit kan fún Band A ní April 2024, tower máa gba ₦9,720, mini PC ₦1,620. Tower tí wọ́n tà fún yín ní pọ́ọ́kú yẹn, mítà ló máa gba ìyókù owó rẹ̀.

Raspberry Pi náà kì í jẹ iná púpọ̀, àmọ́ ẹ ṣì máa ra ṣájà àti àpótí rẹ̀, memory card rẹ̀ kò sì fẹ́ràn kí iná máa já lójijì.

Èmi, laptop ni mo rà ní Computer Village, Ìkẹjà: ThinkPad tòkunbọ̀ tí ojú rẹ̀ ti sán, ìyẹn ló jẹ́ kí owó rẹ̀ wálẹ̀. Ta ló fẹ́ wo ojú server? Bátìrì ni mo bá lọ. Tí iná bá lọ, bátìrì á gbà á, iṣẹ́ á máa lọ títí màá fi tan gen. Mo ṣètò rẹ̀ kó má sùn tí mo bá pa á dé, mo sì ní kí ṣáàjì máa dúró ní 80%, torí bátìrì tó bá wà ní 100% tọ̀sán-tòru máa ń tètè bàjẹ́.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ yọ ṣájà, kí ẹ wo ìṣẹ́jú tó máa lò. Tí bátìrì bá ti wú, ẹ fi sílẹ̀, ó lè gbiná. RAM 8GB tó fún fọ́tò àti fáìlì. Ẹ ní kí wọ́n ṣí CrystalDiskInfo, ẹ máa rí iye wákàtí tí disk náà ti lò láyé. SSD ni kí ẹ mú, kò ní ohun tó ń yí nínú tí iná á dá dúró lójijì. Disk 2TB tí owó rẹ̀ jọ ti flash 64GB, irọ́ ni. H2testw máa tú u fó.

Tó bá jẹ́ mini PC lẹ rà, ẹ wọ BIOS, kí ẹ ní kó máa tan ara rẹ̀ tí iná bá dé. Router náà ń fẹ́ bátìrì o: tí òun bá kú, server jí, kò sẹ́ni tó máa rí i.

Mo ra disk kejì. Lọ́jọọjọ́ Àìkú, mo máa ń da gbogbo rẹ̀ kọ sórí ẹ̀, màá sì gbé e padà sílé ẹ̀gbọ́n mi ní Ìkẹ́nnẹ́.