Etí Tàbí Ojú? Ọ̀rọ̀ Lórí Ìwé Ìtàn Iwin

Àwọn baba wa ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Òwe yìí ni àwọn tí ó fẹ́ràn ìwé títẹ̀ máa ń dì mú nígbà tí wọ́n bá ń bá àwọn tí ó fẹ́ràn ìwé tí a gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ jiyàn. Wọn a ní ẹni tí ó jókòó, tí ó ń gbọ́ ìwé lẹ́nu ẹlòmíràn, kò tíì ka ìwé náà. Ìròyìn rẹ̀ ni ó gbọ́. Àwọn ti apá kejì a sì dáhùn pé, bí a bá yọ etí kúrò nínú ọ̀rọ̀ ìtàn, kí ni ó kù? Ṣé kì í ṣe àlọ́ ni gbogbo wa kọ́kọ́ gbọ́, kí a tó mọ ABD? Èmi gbà pé ìtàn ohun tí ó ti kọjá lè bá wa dá ẹjọ́ yìí, pàápàá ní ti ìwé ìtàn iwin òun ẹbọra. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a mú irú ìwé bẹ́ẹ̀ méjì, ọ̀kan láti ilẹ̀ wa, ọ̀kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí a wo ọ̀nà tí wọ́n gbà dé ọwọ́ wa.

Ní ọdún 1938 ni *Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀* ti olóògbé Olóyè D. O. Fágúnwà kọ́kọ́ jáde. Ìwé ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ wo bí ó ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá arúgbó kan ni ó tọ òǹkọ̀wé wá, tí ó ní kí ó mú gègé àti ìwé, kí ó máa kọ ohun tí òun yóò sọ sílẹ̀. Láti ẹnu Àkàrà-ògùn ni ìtàn náà ti ń jáde. Akọ̀wé lásán ni Fágúnwà fi ara rẹ̀ ṣe. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, òkìkí ti kàn, àwọn ènìyàn sì péjọ láti wá fi etí ara wọn gbọ́ èyí tí ó kù. Kí ìtàn náà tilẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ni òǹkọ̀wé ti bẹ àwọn tí yóò kà á ní ohun méjì. Èkíní ni pé nígbà tí ẹnì kan nínú ìtàn bá ń sọ̀rọ̀, kí òǹkàwé fi ara rẹ̀ sí ipò onítọ̀hún, kí ó sọ ọ́ bí ẹni pé òun gan-an ni. Èkejì ni pé kí ó fi ara balẹ̀ ṣa ọgbọ́n inú rẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ kìíní, ti ẹnu àti etí ni. Èkejì, ti ojú àti ọkàn ni. Fágúnwà kò ya méjèèjì nípá.

Ọdún kan ṣáájú ìwé Fágúnwà, ní 1937, ni J. R. R. Tolkien, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Oxford, tẹ *The Hobbit* jáde, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí kọ èyí tí ó tẹ̀ lé e, *The Lord of the Rings*, ìtàn òrùka kan tí agbára búburú wà nínú rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó rí ìwé yìí rà, àwọn ọ̀rẹ́ Tolkien ti fi etí gbọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀, nítorí pé wọ́n a máa péjọ ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ní yàrá C. S. Lewis ní Magdalen College, olúkúlùkù a sì máa ka ohun tí ó kọ sí etí àwọn yòókù.

Nígbà tí ó di 1952, ìwé náà ti parí, ṣùgbọ́n títẹ̀ rẹ̀ di ìṣòro, nítorí pé ó gùn jù, owó tí yóò sì ná òǹtẹ̀wé pọ̀. Ọkàn Tolkien rẹ̀wẹ̀sì. Ní oṣù Ògọ́sítì ọdún náà, ó lọ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ George Sayer ní Malvern, ẹni tí ó ní ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kan. Tolkien fi ẹ̀rọ náà ṣe àwàdà. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun kọ́kọ́ gba Àdúrà Olúwa sí i ní èdè Gótì àtijọ́, bóyá ẹ̀mí àìmọ́ kan wà nínú rẹ̀ tí ó yẹ kí a lé jáde! Lẹ́yìn náà ó ka lára ìwé rẹ̀ sínú ẹ̀rọ. Nígbà tí ó gbọ́ ọ padà, ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó sì tún ní ìgbẹ́kẹ̀lé nínú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ní 1954 ni apá kìíní jáde; apá kẹta jáde ní 1955. Ohùn tí ó gbà sílẹ̀ ní Malvern kò jáde lórí àwo títí di 1975, ọdún méjì lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ní 1990, Rob Inglis ka gbogbo ìwé náà jáde, ó sì ju wákàtí 50 lọ.

Ṣùgbọ́n kí àwọn ti apá etí má tíì yọ̀. Àwòrán ilẹ̀ wà nínú ìwé Tolkien; ní òpin rẹ̀, ó to ọdún àwọn ọba, ìran àwọn ènìyàn, àti àwọn èdè tí ó dá sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ta ni yóò fi etí tọ ipa ọ̀nà lórí àwòrán ilẹ̀? Ọ̀rọ̀ ẹnu a máa ṣàn lọ bí omi, ṣùgbọ́n ìwé títẹ̀ a máa dúró dè wá kí a tún un kà.

Síbẹ̀, ojú náà ní àléébù tirẹ̀. Tolkien rí i pé òun ní láti kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé bí a ó ti máa pe àwọn orúkọ inú rẹ̀, nítorí pé ojú kò lè mọ ohùn. Tiwa tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá kọ ọ́ láìsí àmì pé ọdẹ gbé “ọkọ” lọ sí igbó, ṣé ọ̀kọ̀ tí a fi ń gún ẹran ni, tàbí ọkọ́ tí a fi ń roko? Ọ̀pọ̀ ìwé Yorùbá ni a sì tẹ̀ láìfi àmì sí orí gbogbo ọ̀rọ̀. Ẹni tí ó gbọ́ èdè dunjú ni ó lè kà á já geere. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí a ní kí ó kà á sínú ẹ̀rọ kò bá gbọ́ èdè tó, àṣìṣe rẹ̀ di ti gbogbo olùgbọ́, wọn kò sì ní mọ̀.

A kò sì gbọdọ̀ gbàgbé àwọn tí a tìtorí wọn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1916, ní ojú ogun Somme, ni Ian Fraser fọ́ lójú. Ó di olórí St Dunstan's tí ń tọ́jú àwọn ọmọ ogun tí ojú wọn fọ́, ó sì ṣe aápọn títí tí àwọn ìwé àfetígbọ́ àkọ́kọ́ fi jáde fún àwọn afọ́jú níbẹ̀ ní 1935. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti dàgbà kí ojú wọn tó fọ́, ó sì ṣòro fún wọn láti máa fi ìka kàwé. Ta ni yóò wo irú wọn, tí yóò ní ìròyìn ìwé lásán ni wọ́n gbọ́?

Ìdájọ́ tèmi nìyí. Ẹni tí ó bá ní agbára méjèèjì, kí ó kọ́kọ́ gbọ́ ìwé ìtàn iwin, kí ó tó kà á. Etí yóò fún un ní adùn, ojú yóò fún un ní òye. Bí ó bá jẹ́ ọ̀kan péré ni apá rẹ̀ ká, tí ojú rẹ̀ sì ríran, kí ó ra èyí tí a tẹ̀, kí ó sì máa kà á sókè bí Fágúnwà ti bẹ̀ wá. Ní ti àwa tí a wà nínú ẹgbẹ́ èdè Yorùbá, iṣẹ́ wa ju yíyàn lọ. Ẹ jẹ́ kí a wá àwọn àgbà tí èdè yìí dá ṣáká lẹ́nu wọn, kí a gba ohùn wọn sílẹ̀ bí wọ́n ti ń ka àwọn ìwé wa. Bí wọ́n bá kọjá lọ kí a tó ṣe é, ìwé yóò wà lórí pẹpẹ, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún àwọn ọmọ wa bí ó ti ń dún?