Láti Wọ́ọ̀dù Ológun dé Yàrá Akẹ́kọ̀ọ́

Nígbà tí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì Ìbàdàn gba akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní oṣù kìíní ọdún 1948, kò tíì ní ilé kan tó kọ́ fúnra rẹ̀. Ìgbìmọ̀ Elliot tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yàn ti dábàá yunifásítì fún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní 1945. Kenneth Mellanby, ọ̀gá àgbà àkọ́kọ́, dé ní 1947, kò sì ní sùúrù àtidúró de bíríkìlà. Ilé ìwòsàn ológun kẹrìndínlọ́gọ́ta tó wà ní Ẹlẹ́yẹlé, tí àwọn ọmọ ogun ti kúrò níbẹ̀ lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ló gbà. Akẹ́kọ̀ọ́ 104 ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ níbẹ̀. Láti Kọ́lẹ́ẹ̀jì Gíga Yábàá ni ọ̀pọ̀ wọn ti wá. Chinua Achebe wà lára àwọn tó wọlé lọ́dún náà.

Oṣù kọkànlá ọdún yẹn ni Arthur Creech Jones, mínísítà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀, tó bu yẹ̀ẹ̀pẹ̀ àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ tí yunifásítì wà lónìí, nǹkan bíi kìlómítà mẹ́jọ sí Ẹlẹ́yẹlé. Gbọ̀ngán Mellanby kò ṣí títí di 1952. Ilé àlòkù ló gba yunifásítì wa là fún ọdún mẹ́rin gbáko, àmọ́ orúkọ ilé tuntun nìkan là ń pè.

Ilé ìwòsàn kò ṣòro láti sọ di ilé akẹ́kọ̀ọ́, torí ibi tí ènìyàn ń sùn ni láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ́fíìsì ló ṣòro láti sọ di ilé gbígbé. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ méjì lè tó òṣìṣẹ́ àjà kan látàárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Kò lè tó ẹni tó ń wẹ̀, tó ń fọṣọ, tó sì ń dáná níbẹ̀. Yàrá tó wà láàárín ilé kì í rí fèrèsé. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, àwọn ayàwòrán ilé Maxwell Fry àti Jane Drew fi ògiri oníhò àti bákóní sí gbọ̀ngán kí atẹ́gùn lè la ilé já. Ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì onígíláàsì kò ṣeé gbé bí iná bá lọ.

Síbẹ̀, àǹfààní lílo ilé àtijọ́ kò kéré. Sìmẹ́ńtì ló ń fa nǹkan bíi 7 sí 8 nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ kábọ́nù tí ènìyàn ń tú sójú ọ̀run. Òpó tó ti dúró kò tún nílò sìmẹ́ńtì tuntun. Ní Amsterdam, wọ́n ti sọ ilé ńlá GAK, ọ́fíìsì tí wọ́n parí ní 1960, di yàrá fún akẹ́kọ̀ọ́ àti ọ̀dọ́.

Tiwa ńkọ́? Sẹkitéríàtì Ìjọba Àpapọ̀ ní Ìkòyí ṣófo nígbà tí ìjọba kó lọ sí Àbújá ní 1991. Wọ́n tà á ní 2006 fún ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ sọ ọ́ di fúláàtì 480, ìjọba Èkó ní kò gbọdọ̀ rí bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ di ti kóòtù, ilé sì ń jẹrà. Òpó kọ́ ló yẹ̀ níbẹ̀, ìwé ilẹ̀ àti àdéhùn ni.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àgbègbè wa gan-an. Ní Ọ̀yọ́, orí ilẹ̀ Kọ́lẹ́ẹ̀jì St. Andrew's, tó ti wà níbẹ̀ láti 1896, ni Yunifásítì Ajayi Crowther ti bẹ̀rẹ̀ ní 2005. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, láti 1990 tí yunifásítì LAUTECH ti dé, ilé onílé ní àdúgbò Under G àti Adénìkẹ́ ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń háyà. Kí ìjọba ìbílẹ̀ èyíkéyìí, láti Ògbómọ̀ṣọ́ títí dé Ọ̀yọ́, tó wó ilé àtijọ́ kan, kí wọ́n kọ́kọ́ pe ẹnjiníà kó yẹ òpó rẹ̀ wò, kí wọ́n sì pe lọ́yà kó yẹ ìwé rẹ̀ wò.