Ojú Ọ̀gágun Lára Owó

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ mú ogún náírà kan wò dáadáa. Kò fẹ́ẹ̀ ra nǹkan kan mọ́, àmọ́ Ọ̀gágun Murtala Muhammed ló wà lára rẹ̀ láti 1977. Pápákọ̀ òfuurufú Ìkẹjà náà, orúkọ rẹ̀ ló ń jẹ́. Oṣù méje kò pé tó fi ṣèjọba kí wọ́n tó yìnbọn pa á ní February 1976, síbẹ̀ akọni la mọ̀ ọ́n sí.

Ẹ wá lọ dárúkọ rẹ̀ fún àgbà kan ní Asaba! Ní October 1967, lásìkò ogun Biafra, Ẹ̀ka Kejì ọmọ ogun ìjọba tó ń darí ló wọ ìlú náà. Aṣọ funfun làwọn ará ìlú wọ̀, wọ́n ń jó, wọ́n ń kí wọn káàbọ̀. Àwọn sójà ya ọkùnrin àti ọmọdékùnrin sọ́tọ̀, wọ́n sì da ìbọn bò wọ́n. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn ló kú. Ilé mìíràn, àti bàbá àtọmọ ló bá a lọ.

Ojukwu tó bá ìjọba jagun pàápàá, sójà ìjọba ló sin ín tẹ̀yẹtẹ̀yẹ ní 2012. Èmi ò ní kí wọ́n yọ Murtala kúrò lára owó o. Àwọn òkú Asaba ni mi ò rí lára owó kankan, àwọn ọmọ wọn sì ń ná ogún náírà yẹn bíi tiwa.