Ẹ̀yìn Ikú Là Ń Dère: Alan Turing àti Òfin tí ó Fìyà Jẹ Olóore

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹ̀yìn ikú là ń dère, ènìyàn kò sunwọ̀n láàyè. Ní ìlú Manchester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ère idẹ ọkùnrin kan wà tí ó jókòó sórí bẹ́ńṣì nínú ọgbà. Ọdún 2001 ni wọ́n ṣí aṣọ lójú ère náà. Nígbà tí ó di ọjọ́ 23 oṣù Kẹfà ọdún 2021, báǹkì àgbà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tún gbé owó bébà oní 50 pọ́n-ùn jáde, àwòrán ọkùnrin kan náà ni wọ́n yà sí i. Alan Turing ni orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1952, nígbà tí ó ṣì wà láàyè, tí ó lè fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ìyìn, ilé ẹjọ́ ni ìjọba ilẹ̀ yìí kan náà mú un lọ gẹ́gẹ́ bí ọ̀daràn. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kò ju pé ó fẹ́ ọkùnrin bíi tirẹ̀ lọ.

Kí ni ọkùnrin yìí ṣe fún ìlú rẹ̀? Kí ni ìlú rẹ̀ fi san án fún un? Ẹni tí ó bá dáhùn ìbéèrè méjèèjì yìí yóò mọ ohun tí ènìyàn àti orílẹ̀-èdè ń pàdánù nígbà tí a bá sọ ìkórìíra di òfin.

Ìgbà Èwe Rẹ̀

Ọjọ́ 23 oṣù Kẹfà ọdún 1912 ni a bí Alan Mathison Turing ní Lọ́ńdọ̀nù. Òṣìṣẹ́ ìjọba amúnisìn ní ilẹ̀ Íńdíà ni bàbá rẹ̀. Nítorí èyí, ọwọ́ alágbàtọ́ ni òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ti lo púpọ̀ nínú ìgbà èwe wọn. Ní ọdún 1926, nígbà tí ó yẹ kí ó wọ ilé ẹ̀kọ́ Sherborne, ìyanṣẹ́lódì bẹ́ sílẹ̀ jákèjádò orílẹ̀-èdè náà, ọkọ̀ ojú irin kò sì rìn bí ó ti yẹ. Ọmọ ọdún 13 yìí gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó gùn ún láti Southampton, ó rin nǹkan bí 60 máìlì kí ó tó dé ilé ẹ̀kọ́. Ìròyìn ìrìn àjò náà jáde nínú ìwé ìròyìn.

Ní Sherborne ni ó ti pàdé Christopher Morcom, ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ fẹ́ràn ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò. Ní oṣù Kejì ọdún 1930, àìsàn ikọ́ ẹ̀gbẹ pa ọ̀dọ́mọkùnrin náà. Ọ̀fọ̀ yìí dun Turing dé egungun. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ó fi ń kọ lẹ́tà sí ìyá ọ̀rẹ́ rẹ̀. Àwọn tí ó kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ gbà pé ìfẹ́ àkọ́kọ́ tí ó wọ̀ ọ́ lọ́kàn nìyẹn, ìfẹ́ tí kò ṣeé sọ jáde ní àwùjọ tí ó wà.

Ọdún 1931 ni ó wọ King's College ní Cambridge. Ní ọdún 1936, ó kọ àpilẹ̀kọ kan nínú èyí tí ó ti ṣe àpèjúwe ẹ̀rọ kan tí ó wà nínú ìrònú lásán, tí ó lè ṣe gbogbo ìṣirò tí a bá lè to ìgbésẹ̀ rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Lórí èrò yìí ni ìmọ̀ kọ̀ǹpútà tí gbogbo ayé ń lò lónìí dúró lé.

Ọ̀gá Atúmọ̀ Àrokò

Àwọn baba ńlá Yorùbá mọ ohun tí wọ́n ń pè ní àrokò. A lè so owó ẹyọ àti ìyẹ́ pọ̀, kí a fi rán oníṣẹ́. Ẹni tí a rán an sí yóò gbọ́ ohun tí a wí, ṣùgbọ́n ọ̀tá tí ó bá gbà á lójú ọ̀nà kò ní mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Nínú Ogun Àgbáyé Kejì, èyí tí àwọn bàbá wa ń pè ní ogun Hitler, àwọn ọmọ ogun Jámánì ní ẹ̀rọ tí ń dá àrokò tiwọn. Enigma ni orúkọ ẹ̀rọ náà. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń yí bí wọ́n ṣe to ẹ̀rọ náà padà, iye ọ̀nà tí a sì lè gbà tò ó pọ̀ ju ohun tí ọmọ ènìyàn lè fi ọwọ́ gbìyànjú tán lọ.

Àwọn onímọ̀ ìṣirò ilẹ̀ Poland ni wọ́n kọ́kọ́ rí ojútùú àrokò yìí ní ọdún 1932. Ní oṣù Keje ọdún 1939, nígbà tí ogun ti ń rùn bọ̀, wọ́n fi ohun tí wọ́n mọ̀ han àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé. Ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1939, ọjọ́ kejì tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéde ogun, ni Turing gúnlẹ̀ sí Bletchley Park, ibùdó ìkọ̀kọ̀ tí wọ́n ti ń tú àrokò ọ̀tá. Níbẹ̀ ni ó ti ṣe ètò ẹ̀rọ ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Bombe, tí ń wá bí àwọn ará Jámánì ṣe to Enigma lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan. Gordon Welchman bá a tún un ṣe kí iṣẹ́ rẹ̀ lè yá sí i.

Apá tí ó le jù, tí ọ̀pọ̀ kò fẹ́ dáwọ́ lé, ni àrokò àwọn ọmọ ogun ojú omi. Òun ni Turing yàn láàyò. Ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì ń ri àwọn ọkọ̀ tí ń kó oúnjẹ, epo àti ohun ìjà lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọkọ̀ tí ń gba etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kọjá pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ ewu náà. Nígbà tí Turing àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí ìdí àrokò yìí, àwọn ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ibi tí ọ̀tá lúgọ sí, wọ́n sì ń yà fún un.

Kì í ṣe iṣẹ́ ẹnìkan ṣoṣo. Nígbà tí ogun ń lọ sópin, àwọn tí ń ṣiṣẹ́ ní Bletchley tó nǹkan bí 9,000, obìnrin ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Harry Hinsley, tí òun náà ṣiṣẹ́ níbẹ̀, tí ó sì di òpìtàn àgbà lẹ́yìn náà, gbà pé iṣẹ́ wọn dín ogun náà kù, ó kéré tán, ní ọdún méjì. Ẹ̀mí mélòó ni ọdún méjì ogun ìbá gbà? Síbẹ̀, abẹ́ ìbúra ni iṣẹ́ náà wà. Ọba fi oyè OBE dá Turing lọ́lá ní ọdún 1946, ṣùgbọ́n aládùúgbò rẹ̀ kò lè mọ ohun tí ó ṣe. Àwọn ọdún 1970 ni àṣírí Bletchley tó tú síta.

Ẹni tí Olè Jà Di Ọ̀daràn

Lẹ́yìn ogun, Turing di olùkọ́ ní Yunifásítì Manchester. Ní ọdún 1950, ó kọ àpilẹ̀kọ tí ó fi béèrè bóyá ẹ̀rọ lè ronú, ìbéèrè tí gbogbo ayé tún ń bi ara wọn lónìí. Ní ọdún 1951, wọ́n yàn án sí ẹgbẹ́ Royal Society, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí ó lọ́lá jù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ní oṣù Kìíní ọdún 1952, olè fọ́ ilé rẹ̀. Ó ṣe ohun tí ọmọlúàbí ń ṣe: ó fi ọ̀rọ̀ náà tó àwọn ọlọ́pàá létí. Ojúlùmọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí òun àti Turing ń fẹ́ra ni ó jalè náà. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá bi í léèrè bí ó ṣe mọ ọ̀dọ́mọkùnrin yìí, Turing kò purọ́. Kò rò pé ohun tí ó ṣe burú. Bí ọ̀rọ̀ olè ṣe di ẹ̀yìn nìyẹn, tí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ bọ́ síwájú. Ẹni tí wọ́n jà lólè ni wọ́n gbé lọ síwájú adájọ́.

Ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún 1952 ni wọ́n dá ẹjọ́ rẹ̀. Ọ̀nà méjì ni wọ́n fi lé e lọ́wọ́: kí ó lọ sẹ́wọ̀n, tàbí kí ó gba oògùn họ́mọ́ònù tí yóò pa ìfẹ́ ara kú nínú rẹ̀. Ó yan oògùn kí ó lè máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ọdún kan gbáko ni wọ́n fi ń fún un. Oògùn náà yí ara rẹ̀ padà, àyà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ bí ti obìnrin. Ìjọba tún gba ẹ̀tọ́ iṣẹ́ àṣírí lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó fi gbogbo àkókò ogun pa àṣírí tí ó tóbi jù mọ́ ni wọ́n sọ pé kò ṣeé fọkàn tán mọ́.

Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹfà ọdún 1954, Turing kú nínú ilé rẹ̀. Ọmọ ọdún 41 ni. Májèlé ni wọ́n bá nínú ara rẹ̀, ilé ẹjọ́ tí ó wádìí ikú náà sì parí rẹ̀ sí pé òun ni ó gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Ìyá rẹ̀ kò gbà. Ó ní àṣìṣe ni. Títí di òní, àwọn onímọ̀ kan ṣì ń jiyàn lé e lórí. Ṣùgbọ́n kò sí àríyànjiyàn lórí bí ìjọba ṣe lo ọkùnrin náà ní ọdún méjì tí ó ṣáájú ikú rẹ̀. Ní àkókò náà, ó ń wádìí bí àmì ṣe ń hàn lára ẹranko àti bí ewéko ṣe ń to ewé wọn. Iṣẹ́ náà kò parí. Àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì kò lè mọ ohun tí wọ́n pàdánù, nítorí ohun tí a kò jẹ́ kí ó hù, ta ni yóò ka èso rẹ̀?

Gbòǹgbò Òfin Náà

Láti ayé Ọba Henry Kẹjọ, ní ọdún 1533, ni òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń fi ikú jẹ ọkùnrin tí ó bá bá ọkùnrin lò pọ̀. Ọdún 1835 ni wọ́n so àwọn méjì tí ó kẹ́yìn rọ̀. Wọ́n mú ìyà ikú kúrò ní ọdún 1861, ṣùgbọ́n ní ọdún 1885 wọ́n fi abala tuntun kún òfin. Kò sí ohun tí ọkùnrin méjì lè ṣe, ìbáà jẹ́ nínú ìyẹ̀wù tí a ti ìlẹ̀kùn rẹ̀, tí abala náà kò lè mú. Abala yìí ni wọ́n fi mú Oscar Wilde, gbajúgbajà òǹkọ̀wé eré, ní ọdún 1895. Ó lo ọdún méjì lẹ́wọ̀n pẹ̀lú iṣẹ́ àṣekára, ó sì kú ní Paris ní ọdún 1900 gẹ́gẹ́ bí òtòṣì, ọmọ ọdún 46. Abala kan náà ni wọ́n fi mú Turing.

Òfin yìí kò dáàbò bo ẹnikẹ́ni. Àwọn tí ó jèrè rẹ̀ ni àwọn tí ń fi àṣírí ẹlòmíràn halẹ̀ mọ́ ọn láti gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí ẹni tí wọ́n ń fìyà jẹ kò lè kígbe sí ọlọ́pàá. Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ òkò sọ́jà ní ọdún 1885. Ó ba òǹkọ̀wé rẹ̀ tí ó dára, ó sì ba ẹni tí ó bá a ṣẹ́gun. Ní ọdún 1957, ìgbìmọ̀ Wolfenden gba ìjọba níyànjú pé kí wọ́n pa irú òfin bẹ́ẹ̀ tì, ọdún 1967 ni Ilé Aṣòfin sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú u ká. Turing ti wà nínú ikú fún ọdún 13.

Òfin Náà Wọ Ọkọ̀

Kí àwọn tí ó ni òfin tó pa á tì, wọ́n ti kó o wọ ọkọ̀ lọ sí àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso. Èyí tí ó dé Nàìjíríà gba Queensland ní Australia kọjá, níbi tí wọ́n ti kọ ìwé òfin ọ̀daràn kan ní ọdún 1899. Wọ́n mú un wọ Àríwá Nàìjíríà ní ọdún 1904, wọ́n sì sọ ọ́ di òfin gbogbo Nàìjíríà ní ọdún 1916. Ẹ̀wọ̀n ọdún 14 wà nínú rẹ̀. Kì í ṣe ààfin Aláàfin tàbí ilédì Ògbóni ni wọ́n ti kọ ọ́. Ọ́fíìsì amúnisìn ni. Ní ọdún 2014, ìjọba Nàìjíríà tún fi òfin mìíràn lé e. Àwọn tí ń sọ pé ohun àjèjì ni ìfẹ́ láàrin akọ àti akọ yóò ṣe dáadáa láti béèrè ibi tí òfin tí ń fìyà jẹ ẹ́ ti wá. Ilé ẹjọ́ ti wọ́gi lé òfin irú rẹ̀ ní Íńdíà ní ọdún 2018 àti ní Botswana ní ọdún 2019.

Àforíjì tí Òkú Kò Gbọ́

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2009, lẹ́yìn tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀, Olórí Ìjọba Gordon Brown tọrọ àforíjì ní orúkọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọbabìnrin Elizabeth fún Turing ní ìdáríjì ní oṣù Kejìlá ọdún 2013. Ní ọdún 2017, òfin kan na ìdáríjì yìí dé ọ̀dọ̀ àwọn mìíràn tí wọ́n ti dá lẹ́bi. Àwọn tí ó ti kú nínú wọn tó nǹkan bí 49,000. Àwọn kan tí ó ṣì wà láàyè kọ̀ ọ́. Wọ́n ní ẹni tí ó ṣẹ̀ ni a ń dárí jì, àwọn kò sì ṣẹ̀.

Ìtàn fún wọn láre. Òkú kì í gbọ́ àforíjì, owó bébà kì í sì jí ẹni tí ó ti sùn. Turing ní orúkọ ńlá, nítorí náà ni a ṣe mọ ìtàn rẹ̀. Àwọn 49,000 yòókù ńkọ́? Akọ̀wé, ọmọ ogun, olùkọ́ àti oníṣẹ́ ọwọ́ wà nínú wọn. Kò sì yẹ kí ènìyàn kọ́kọ́ gba ìlú là lọ́wọ́ ogun kí a tó fi ojú ènìyàn wò ó.

Ìka ọwọ́ kò dọ́gba, bẹ́ẹ̀ ni Elédùmarè kò dá wa bákan náà. Ẹnìkan lè wà nínú iyàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ tàbí nínú agbo ilé tí ọkàn rẹ̀ kò rí bí ti àwọn yòókù, tí ó sì ń fi ẹ̀rù gbé e mì. Òbí tí ó gbọ́, tí kò lé e jáde, ọ̀rẹ́ tí kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́, àti olùkọ́ tí kò jẹ́ kí wọ́n lù ú ti ṣe ohun tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò ṣe ní ọdún 1952. Ènìyàn boni lára ju aṣọ lọ, ṣùgbọ́n alààyè nìkan ni ara rẹ̀ ń tutù, tí ó nílò ìbora.